Ṣé ènìyàn jẹ́jẹ́ lè ní ẹ̀tanú tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo ẹni tí ó mọ̀ mí ni ó mọ̀ pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni mí, n kì í sì í fojú tín-ín-rín ẹnikẹ́ni. Ní oṣù tó kọjá, mo mú bàbá mi lọ sí ilé ìwòsàn. Obìnrin kan wọlé, ó fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró ọkàn kọ́ ọrùn, kí ó sì tó la ẹnu ni mo ti sọ pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀wọ́, ìgbà wo ni dókítà ń bọ̀?" Òun gan-an ni dókítà. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì mí, pàápàá nítorí pé obìnrin ni èmi náà. Mo délé, mo ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìdánwò ẹ̀tanú orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ní mo máa ń so ọkùnrin mọ́ iṣẹ́, tí mo ń so obìnrin mọ́ ilé. Ṣé irú ènìyàn tí mo jẹ́ nìyẹn?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìdààmú. Ìbéèrè méjì ni ẹ so pọ̀: ọ̀kan nípa ìwà yín, èkejì nípa ohun tí ó já bọ́ lẹ́nu yín kí ẹ tó ronú. Méjèèjì kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn pọ̀ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò.

Ẹ̀tanú tí ènìyàn mọ̀ pé òun ní, tí ó tilẹ̀ lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, ni ó bá ìwà tan. Ní 1950, Theodor Adorno àti àwọn mẹ́ta mìíràn gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà pé àwọn tí ó máa ń wárí fún aláṣẹ, tí wọ́n sì ń le koko mọ́ ẹni tí ó bá yapa sí ìlànà, ni ó sábà máa ń kórìíra àjèjì. Ìbéèrè wọn ní àléébù, nítorí pé ẹni tí ó bá ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí ohun gbogbo yóò dà bí ẹlẹ́tanú. Bob Altemeyer ní Kánádà ni ó tún un ṣe ní 1981. Nígbà tí Chris Sibley àti John Duckitt kó ìwádìí 71 jọ ní 2008, wọ́n rí i pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣí sí ohun tuntun, àti ẹni tí ó ní àánú ẹlòmíràn lójú, kì í sábà ní irú ẹ̀tanú bẹ́ẹ̀. Nípa ti èyí, mo gbà pé ìwà yín gbè yín.

Ṣùgbọ́n ìdánwò tí ẹ ṣe, irú èyí tí Anthony Greenwald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1998, kò bi yín ní èrò yín rárá. Ọ̀rọ̀ ń yọ lójú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sì ń tẹ bọ́tìnì apá òsì tàbí ti apá ọ̀tún. Nígbà tí ọkùnrin àti iṣẹ́ bá jọ wà ní apá kan, ìka ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa yá, nígbà tí wọ́n bá sì yí i padà, tí obìnrin bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́, ìka a falẹ̀ díẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ń kà á. Lójú tèmi, ohun tí ojú ti rí títí tí ọkàn fi dì í pọ̀ ni ìyẹn ń wọ̀n, kì í ṣe inú rere tàbí inú burúkú. Ìdí nìyí tí ó fi ń mú àwọn obìnrin pàápàá. Ẹ má sì gba èsì rẹ̀ bí ẹni gba èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, nítorí pé bí ẹ bá tún un ṣe lọ́la, ó lè sọ nǹkan mìíràn.

Níbo wá ni ìwà ti wọ̀ ọ́? Ní 1989, Patricia Devine fi hàn pé àwọn aláwọ̀ funfun ní Amẹ́ríkà, àti ẹlẹ́tanú wọn àti ẹni tí ẹ̀tanú rẹ̀ kò tó nǹkan, ni ó jọ mọ ohun tí ayé ń sọ nípa aláwọ̀ dúdú bákan náà. Ìgbà tí àyè àtironú bá wà ni wọ́n tó yàtọ̀ síra. Ìwà yín kò lè dá ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dúró, ọ̀rọ̀ kejì ni ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ewu ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá dá ara rẹ̀ lójú pé òun kì í ṣe ojúsàájú kì í yẹ ara rẹ̀ wò. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni.

Nítorí náà, n kò ní sọ pé kí ẹ máa bá ọkàn yín jà. Àwọn ẹgbẹ́ olórin ńláńlá ní Amẹ́ríkà kò dúró de kí ọkàn adájọ́ mọ́: wọ́n ta aṣọ ìkélé sáàárín adájọ́ àti ẹni tí ó wá fi ohun èlò orin dánra wò, àwọn mìíràn tilẹ̀ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí ìró bàtà má baà tú obìnrin fó. Tiyín kò tó bẹ́ẹ̀ le. Ẹ kí ènìyàn, kí ẹ jẹ́ kí ó sọ irú iṣẹ́ tí ó wá ṣe, kí ẹ tó pè é ní ohunkóhun.

Bí ẹ bá tún pàdé dókítà náà, "ẹ má bínú, mo ṣì yín pè" ti tó. Ẹ má ṣàlàyé bí inú yín ṣe mọ́ tó fún un, kí ó má baà di pé òun ni yóò tún máa rẹ̀ yín lẹ́kún.