Ẹ mọ ẹni tó máa kó o kí ẹ tó ra garawa

Ẹ kú iṣẹ́ àdúgbò o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè irú garawa tí ẹgbẹ́ yín máa kọ́kọ́ rà àti iye àwọ̀ tó yẹ kó jẹ́, kí àdúgbò yín lè máa ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ àyípadà ojú ọjọ́. Mò ń bọ̀ wá sórí garawa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú wa rí.

Ilé dé ilé la lọ, a ṣàlàyé, àwọn èèyàn sì gbà. Ìyá àgbà kan ládùúgbò wa máa ń fọ ike kọ̀ọ̀kan, á tú ìdérí rẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ kó tó kó o síta. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti fọwọ́ sọ̀yà níṣojú gbogbo wa pé ọkọ̀ méjì ni yóò máa wá. Ọ̀kan ṣoṣo ló wá. Akólẹ̀kódọ̀tí da garawa oúnjẹ sínú ọkọ̀, ó da ti ike lé e lórí, ẹ̀rọ sì rún gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Ìyá yẹn wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wò wọ́n. Láti ọjọ́ náà kò ya nǹkan kan sọ́tọ̀ mọ́, ta ni yóò sì bá a wí? Ilé kejì jáwọ́, ó ran ẹ̀kẹta. A lọ bá àwọn ọ̀gá, wọ́n ní ká kọ lẹ́tà. A kọ ọ́. Wọ́n ní ọ́fíìsì mìíràn ló kàn. Àwọn ìyẹn ní àwọn ṣì ń ṣèwádìí. Ìwádìí kí ni? Ẹni tó wakọ̀ ni kí wọ́n bi! Inú ṣì ń bí mi di òní.

Torí náà, ẹ tẹ̀ lé ọkọ̀ yín débi tó ń dà á sí, kí ẹ fojú ara yín rí i. Ẹ bi ẹni tó ń ra ike léèrè èyí tó ń rà gan-an. Nọ́ńbà wà lábẹ́ ike: 1 àti 2 ló sábà máa ń rí olùrà, 3 àti 6 kì í fi bẹ́ẹ̀ rí. Nínú gbogbo ike tí ayé ti sọ di ìdọ̀tí títí di 2015, bí ìdá 9 nínú 100 péré ni wọ́n tún lò. Ẹ dín èyí tó ń wọlé kù ná.

Ẹ má sì sun ún o! Èéfín ike burú fún ẹ̀dọ̀fóró, èyí tó jẹ́ PVC, ìyẹn nọ́ńbà 3, sì ń tú májèlé dioxin jáde. Bátìrì náà, ẹ má jẹ́ kó wọ inú ọkọ̀ tó ń rún ìdọ̀tí, ó ń dáná.

Ike ni gbogbo èèyàn ń wò, àmọ́ àjẹkù oúnjẹ ló wúwo jù nínú ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ yìí. Tí wọ́n bá rì í mọ́ ààtàn níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, gáàsì methane ló ń tú jáde, èyí tó ń mú ayé gbóná ní nǹkan bí ìlọ́po 80 ti gáàsì carbon dioxide láàárín 20 ọdún. Èyí kò nílò ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ pò ó mọ́ ewé gbígbẹ, ẹ máa yí i, á di ajílẹ̀. Ọ̀mọ̀ràn kan wá bá wa sọ̀rọ̀ títí nípa carbon àti nitrogen, kò fọwọ́ kan okìtì wa rárá. Ohun tó yẹ kó sọ ni pé ká bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ká fún un bí ẹni ń fún aṣọ. Tí omi bá kán ní ẹ̀kán kan tàbí méjì, ó dáa. Tó bá ń ṣàn, tó sì ń rùn, ewé gbígbẹ ló kù kí ẹ fi kún un, kí ẹ sì yí i. Ẹ má da ẹran àti egungun sí i, eku á wá.

Garawa: méjì ti tó, ọ̀kan fún ohun tútù bí àjẹkù oúnjẹ, ọ̀kan fún gbígbẹ bí ike. Èyí tó wà nílé ni kí ẹ lò, àwọ̀ kò kàn án, ẹ ṣá ya àwòrán sí i lára. Ti ohun tútù nìkan ni kó ní ìdérí tó dé dáadáa nítorí eṣinṣin.