"Bí ògiri ò bá lanu": ṣé òwe yìí bá fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń pa eṣú wí?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìtumọ̀ "Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́"? Àbúrò mi tó ń kọ́ báyọ́lọ́jì ní irọ́ ni òwe náà ń pa, pé fọ́ńgọ́ọ̀sì kan wà tó ń wọ inú eṣú láìsí ihò kankan.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni àwọn àgbà ń pa òwe yìí sí. Bí ọmọ ìyá méjì bá ń fa ilẹ̀ bàbá wọn mọ́ra wọn lọ́wọ́, tí ará ìta gba àárín wọn rà á ní ọ̀pọ̀, ìgbà yẹn lẹ ó gbọ́ ọ. Ògiri ni wọ́n ń bá wí, kì í ṣe alángbá. Ẹni tó bá ń fi í bú ọ̀tá ti ṣì í pa.

Àbúrò yín ò kúkú parọ́ nípa fọ́ńgọ́ọ̀sì. Metarhizium acridum lorúkọ rẹ̀, ìbátan olú tí à ń jẹ ni, eṣú àti tata ló sì mọ̀ ọ́n pa jù. Ọdún 1989 ni IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, ní Cotonou àti àwọn alájọṣe wọn bẹ̀rẹ̀ LUBILOSA, iṣẹ́ ìwádìí láti fi ohun ẹlẹ́mìí gbógun ti eṣú, lé e lórí, lẹ́yìn tí eṣú ti fojú àwọn àgbẹ̀ Sàhẹ́lì rí màbo. Ibẹ̀ ni oògùn Green Muscle ti jáde: hóró fọ́ńgọ́ọ̀sì, tó dà bí irúgbìn rẹ̀, tí wọ́n pò mọ́ òróró, tí wọ́n ń fín.

Ẹ wo bó ṣe ń wọlé. Hóró kan bà lé ara tata, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Ó hù, orí ẹ̀hù náà wú di kókó, kókó yẹn tẹ̀ mọ́ èèpo ara. Ìda fẹ́lẹ́ ló wà lókè èèpo. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni káítìnì, ohun líle inú èèpo kòkòrò, wà, fọ́nrán-fọ́nrán, tí purotéènì dì í mú bí amọ̀ ṣe ń di koríko mú lára ògiri. Fọ́ńgọ́ọ̀sì wá tu ẹ́ńsáìmù, èròjà tó ń fọ́ nǹkan sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń pè ní Pr1 jáde. Purotéènì yẹn gan-an ni Pr1 ń fọ́. Bí ó bá ti tú, káítìnì hàn síta, ẹ́ńsáìmù mìíràn á gé e, kókó òkè náà á sì máa fipá tì. Tó bá dénú ẹ̀jẹ̀, ó di pípọ̀ sí i, kò sì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí tata á fi kú.

Tata náà kì í káwọ́ gbera o. Ibi tí wọ́n ti ń gún un á dúdú, òun fúnra rẹ̀ á sì lọ yáàrùn, kí ara rẹ̀ lè gbóná ju ohun tí fọ́ńgọ́ọ̀sì lè fara dà.

Ní 1996, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Raymond St. Leger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kún Pr1 tí ìbátan fọ́ńgọ́ọ̀sì yìí ń ṣe. Àkókò tí ọmọ àfòpiná tó ń jẹ ewé tábà fi ń kú fi ìpín 25 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, oúnjẹ tó jẹ náà fi ìpín 40 dín kù. Ṣùgbọ́n hóró tuntun kò fi bẹ́ẹ̀ hù lára òkú wọn.

Tèmi ni pé alángbá kò ní irinṣẹ́ tó lè fi dá ògiri lu, fọ́ńgọ́ọ̀sì ní. Òwe kò bá a wí rárá. Síbẹ̀, Pr1 kì í ṣàdédé tú jáde: bí oúnjẹ ìrọ̀rùn bá wà nítòsí, ó ń dáwọ́ dúró. Ìda ara eṣú ló sì ń ta fọ́ńgọ́ọ̀sì yìí lólobó kó tó ṣe kókó. Àwọn olùwádìí gbé fọ́ńgọ́ọ̀sì náà sórí ohun tí wọ́n yọ lára irú kòkòrò mìíràn, kò ṣe kókó. Ògiri ṣì ń sọ̀rọ̀, bí kò tilẹ̀ lanu.

Kí àbúrò yín má sì fi "Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà" rọ́pò rẹ̀ o. Ìta ni hóró yìí ti ń wá.