Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún ọmọ mi, ẹ̀rù ń bà á láti wúkọ́

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí, àsàlàámù àléékùmù. Ìlú Ọba la wà. Wọ́n la àyà ọmọkùnrin wa, ọmọ ọdún 6, láti dí ihò tí wọ́n bí mọ́ ọn nínú ọkàn. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, alihamudulilahi. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ dìde, kò fẹ́ wúkọ́, ó ní ó ń dun òun. Ó tún bi mí bóyá Ọlọ́run ń bínú sí òun ni. Mo sunkún, àwọn ará ilé sì sọ lórí fóònù pé n kò gba kádàrá. Wọ́n fi omi hántú, ìyẹn omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ Àlùkùránì tí wọ́n kọ sórí wàláà, ránṣẹ́ pé kí n máa fún un mu. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Wa àléékùmù sàlàámù, arábìnrin mi. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àìsùn. Irú iṣẹ́ abẹ yìí ni wọ́n ṣe fún ọmọ tèmi náà ní ilẹ̀ yìí.

Ẹkún yẹn ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, torí ó dùn mí fún yín. Ànábì Yàkúbù sunkún Yúsúfù títí ojú rẹ̀ fi funfun, Àlùkùránì ló sọ bẹ́ẹ̀, òun kan náà ló sì ní sùúrù tó rẹwà ni tòun. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run náà da omi lójú nígbà tí Ìbúráhímù ọmọ rẹ̀ ń kú lọ. Ta ló gba kádàrá jù wọ́n lọ?

Ẹ sọ fún ọmọ náà gbangba pé Ọlọ́run kò bínú sí i. A kì í kọ ẹ̀ṣẹ̀ sọ́rùn ọmọ tí kò tíì bàlágà. Ẹ sọ ìtàn Ànábì Ayúbà fún un, ẹni tí Ọlọ́run fẹ́ràn, tó sì ṣàìsàn, tó ké pe Olúwa rẹ̀ pé ìnira ti bá òun, tí Ó sì dá a lóhùn. Tèmi kì í jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìwúkọ́ ló ká mi lára jù. Bí ọmọ bá ń mí díẹ̀díẹ̀ nítorí ìrora, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò ní ṣí dáadáa, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á kó jọ síbẹ̀, ó sì lè di òtútù àyà. Ẹ bẹ nọ́ọ̀sì kó fún un ní oògùn ìrora ṣáájú kí wọ́n tó wá kọ́ ọ ní mímí àti rírìn, kí oògùn ti wọ̀ ọ́ lára. Kó gbá ìrọ̀rí kékeré mọ́ àyà bó bá fẹ́ wúkọ́. Kó máa fẹ́ ìfófòó ọṣẹ: eré ni lójú tirẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló ń ṣí. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti mú àdúà wọlé. Kó mí sínú, kó mí síta pẹ̀lú “Subuhanallahi”. Kó gbé ẹsẹ̀ kan, kó ní “Alihamudulilahi”. Báyìí ni tèmi ṣe rìn dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Bó bá fẹ́ sùn, ẹ gbé ọwọ́ lé e lórí, ẹ ka Kúlúwallàhù, Falakì àti Nási, ẹ bẹ Olúwa gbogbo èèyàn kó mú ìnira kúrò, torí Òun ni Olùwòsàn.

Omi hántú? Ẹ má fún un. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn, wọ́n ń díwọ̀n ohun tí ọmọ ń mu àti ìtọ̀ rẹ̀, torí omi tó bá pọ̀ jù á ni ọkàn náà lára. Kí àwọn ará ilé ka Àlùkùránì sí i létí lórí fóònù, kí wọ́n ṣe sàráà. Òjíṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ní ká máa wá ìtọ́jú. Ẹ sì béèrè bóyá ọsibítù yín ní ìmáàmù. Ọ̀pọ̀ ọsibítù NHS, ìyẹn ti ìjọba níbí, ló ní.

Tí ẹ bá délé, ẹ má fi abíyá fà á sókè. Egungun àyà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kó tó lẹ̀. Ọwọ́ kan lẹ́yìn rẹ̀, ìkejì lábẹ́ ìdí. Bó bá fẹ́ bá yín kírun, kó jókòó kí i. Bí ara rẹ̀ bá sì gbóná, tàbí egbò náà pọ́n tàbí tó ń ṣọyún, ẹ pe wọ́ọ̀dù lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.