Kí Gravy Tòlótòló Má Baà Ní Kókó Lójú Àwọn Àna

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó abala oúnjẹ. Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ni mò ń gbé. Ọmọkùnrin mi fẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, àwọn òbí ìyàwó rẹ̀ sì máa ń wá bá wa jẹun ní ọjọ́ Thanksgiving, àjọ̀dún ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Lọ́dún tó kọjá, tòlótòló tí mo yan dára, ṣùgbọ́n gravy, ìyẹn ọbẹ̀ omi ẹran tí a fi fúláwà mú ki, tí wọ́n ń bù lé e lórí, ni kò bọ́ sí i: ó ní kókó, ó ń rùn bíi fúláwà tútù, iyọ̀ sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìyàwó ọmọ mi rọra lọ ṣí èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò, ó gbé e sórí tábìlì, kò sì sọ nǹkan kan. Ojú tì mí púpọ̀. Ènìyàn 14 ni a óò jẹ́ lọ́dún yìí. Báwo ni mo ṣe lè sè é tí yóò fi dára, ṣé mo sì lè fi ata àti Maggi sí i?
Ìyá Ọkọ, Houston

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó àlejò, Ìyá wa. Ẹ má jẹ́ kí ti èṣí bà yín lọ́kàn jẹ́, nítorí pé ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ kà sílẹ̀ ló ní ìdí, gbogbo wọn ló sì ní àtúnṣe. Ohun tí mo fura sí ni pé ìgbà tí tòlótòló jáde nínú ófùn ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọbẹ̀ náà, nígbà tí ebi ti ń pa àwọn àlejò, tí ànàmọ́ gígún sì ti ń tutù lórí tábìlì. Ìkánjú ló ba ọbẹ̀ yín jẹ́. Ọjọ́bọ̀ kẹrin nínú oṣù Kọkànlá ni Thanksgiving máa ń bọ́ sí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ gravy.

Ẹ ra ọrùn àti apá tòlótòló tó tó pọ́ùn 3. Ẹ tò wọ́n sínú páànù, kí ẹ yan wọ́n nínú ófùn ní ooru 400 ti Fahrenheit fún bíi wákàtí kan, títí tí awọ wọn yóò fi pọ́n dáadáa, nítorí pé inú pípọ́n yìí gan-an ni adùn ọbẹ̀ náà ti ń wá. Ẹ kó wọn sínú ìkòkò, ẹ bu omi kọ́ọ̀bù 12 lé wọn lórí, kí ẹ gé àlùbọ́sà kan àti káróòtì kan sí i pẹ̀lú táìmù díẹ̀, kí ó máa rọra hó lórí iná kékeré fún wákàtí 3. Bí ẹ bá ti rí ọkàn àti ìwe tí wọ́n dì sínú tòlótòló ńlá náà yọ, ẹ kó wọn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ mú ẹ̀dọ̀ kúrò, nítorí ẹ̀dọ̀ máa ń mú omi ẹran korò. Ẹ má fi iyọ̀ kankan sí i. Ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì kí wákàtí 2 tó kọjá. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ọ̀rá yóò ti dì sójú rẹ̀ bí òrí, ẹ ó sì fi ṣíbí ká a sọ́tọ̀. Ẹ má dà á nù.

Ọ̀rọ̀ kókó wá kàn. Ẹni tó bá ti po ògì rí ti mọ ìdí rẹ̀. Bí a bá da omi híhó lé ògì lórí láìkọ́kọ́ fi omi tútù pò ó, ara rẹ̀ lóde yóò jinná lójú ẹsẹ̀, yóò di awọ tó bo inú, omi kò sì ní rí ọ̀nà wọ ibẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fúláwà rí. Nínú gravy, ọ̀rá ni a fi ń pò ó, kí ọ̀rá lè bo hóró kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ra nígbà tí omi bá dé bá wọn. Fún kọ́ọ̀bù omi ẹran kan, ṣíbí ìjẹun kan ààbọ̀ ọ̀rá àti kan ààbọ̀ fúláwà ni ìwọ̀n rẹ̀. Kọ́ọ̀bù 8 yóò tó ènìyàn 14 dáadáa, nítorí náà ṣíbí 12 ọ̀rá àti ṣíbí 12 fúláwà ni ẹ ó lò. Bí ọ̀rá tí ẹ ká kò bá pé, ẹ fi bọ́tà kún un.

Ẹ yọ́ ọ̀rá náà nínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn, ẹ da fúláwà sí i, kí ẹ sì máa rò ó lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú 5 sí 7. Ní ìbẹ̀rẹ̀, òórùn fúláwà ni yóò máa ta. Nígbà tó bá yá, òórùn náà yóò yí padà sí ti ẹ̀pà tí a ń yan, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì pọ́n díẹ̀. Òórùn ẹ̀pà yìí ni kí ẹ dúró dè. Ẹ wá máa bu omi ẹran sí i ní ìgbákọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa lù ú kíkankíkan. Ìjábẹ̀ tuntun tí a kò tíì fi ja ewédú ni èmi ń lò, nítorí pé ó máa ń dé gbogbo kọ̀rọ̀ ìkòkò. Bí omi bá ti wọlé tán, ẹ jẹ́ kí ó hó fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ ki ṣíbí bọ̀ ọ́, kí ẹ fi ìka fa ilà sí ẹ̀yìn ṣíbí náà. Bí ilà náà kò bá pa dé, ó ti ki tó. Ẹ jẹ́ kí ó ṣàn díẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ lọ, nítorí bí ó bá ṣe ń tutù ni yóò máa ki sí i. Bí kókó bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ tún sẹ́ ẹ. Ó di inú fíríìjì títí di Ọjọ́bọ̀.

Ní ti iyọ̀, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ike tí wọ́n fi di tòlótòló yín. Ọ̀pọ̀ tòlótòló dídì tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ fa omi iyọ̀ sí lára. Bí ẹ bá tún wá fi iyọ̀ pa á, oje tó ń kán sínú páànù yóò níyọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí: mo da gbogbo oje náà sínú ọbẹ̀ láìtọ́ ọ wò, n kò sì rí ọgbọ́n mìíràn dá ju kí n sè òmíràn lọ.

Nítorí náà, nígbà tí ooru inú itan tòlótòló bá ti dé 165, ẹ gbé e sílẹ̀ kí ó sinmi, kí ẹ da oje páànù sínú ife gíga, kí ẹ sì bu ọ̀rá tó bá léfòó kúrò. Ẹ gbé gravy kaná kí ó hó. Ẹ da omi gbígbóná díẹ̀ sínú páànù, ẹ fi ṣíbí onígi họ ohun tó gbẹ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá pọ́n, ọbẹ̀ ni; bí ó bá ti jóná dúdú, ẹ dà á nù. Ẹ máa bu oje náà sínú gravy ní ṣíbí ṣíbí, kí ẹ máa tọ́ ọ wò, kí ẹ tó mọ̀ bóyá ó tún ń fẹ́ iyọ̀.

Èrò mi ni pé kí ẹ fi Maggi sílẹ̀, nítorí iyọ̀ inú rẹ̀ àti nítorí pé kò ní jẹ́ kí adùn tòlótòló hàn. Ata rodo kò bá a mu pẹ̀lú. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn àna mọ̀ pé ọwọ́ yín ló sè é, ẹ lọ iyèré díẹ̀ sí i. Ìbátan black pepper tí àwọn náà ń fi sí i ni, kò sì ní ta wọ́n lẹ́nu. Ẹ gbé ata díndín sínú abọ́ tirẹ̀ fún àwọn tó bá fẹ́.

Ìbéèrè: N kò ní ófùn, apá tòlótòló nìkan ni mo sì máa ń rà fún Kérésì. Ṣé mo lè sè é?
Òǹkàwé kan, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ lè sè é. Omi tí ẹ fi bọ ẹran náà ni kí ẹ lò, bí ẹ kò bá ti fi iyọ̀ púpọ̀ bọ̀ ọ́. Nígbà tí ẹ bá dín ẹran tán, ẹ sẹ́ òróró, ẹ fi ṣíbí 3 nínú rẹ̀ dín fúláwà ṣíbí 3, kí ẹ sì bu kọ́ọ̀bù 2 omi ẹran sí i díẹ̀díẹ̀. Yóò tó ènìyàn 4. Èyí tó bá ṣẹ́kù lè wà nínú fíríìjì fún ọjọ́ 3, ṣùgbọ́n bí iná kò bá dúró ládùúgbò yín, ẹ jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e kaná, ẹ bu omi díẹ̀ sí i kí ó tó hó, nítorí yóò ti dì bí ẹ̀kọ.