Kí ló dé tí ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù Kánádà fi máa ń ní ẹ́ńjìnnì láàárín àti lẹ́yìn?

Ẹ ní ẹ rí ẹ́ńjìnnì kan láàárín, òmíràn tún wà ní ìdí ọkọ̀ lápá oko Saskatchewan, ṣé ó bàjẹ́ ni wọ́n ń fà á lọ ni? Rárá o, iṣẹ́ lòun náà ń ṣe.

Ọkọ̀ CN àti CPKC wọ̀nyẹn, ìyẹn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ńlá méjì ní Kánádà, gùn gan-an ni, òmíràn ju kìlómítà 3 lọ, tí wọ́n bá wá kó gbogbo ẹ́ńjìnnì síwájú nìkan, ìkọ́ irin tó so àwọn wágọ́ọ̀nù iwájú pọ̀ lè já, ìyẹn ni wọ́n ṣe pín agbára ẹ̀ ká, àwọn kan ń fà, àwọn kan ń tì. Kò sẹ́ni kankan nínú ti ẹ̀yìn yẹn o, dẹ́rẹ́bà tó wà níwájú ló ń fi rédíò darí ẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti bíréèkì. Afẹ́fẹ́ inú páìpù ló ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ látiwájú dẹ́yìn, tí òtútù bá wá lọ sísàlẹ̀ -25°C, rọ́bà ibi tí páìpù ti so pọ̀ á le gbagidi, afẹ́fẹ́ á máa jò, ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn á wá máa fẹ́ tiẹ̀ sí i látọ̀dọ̀ ẹ̀. Wọ́n tún máa ń gé ọkọ̀ kúrú nígbà òtútù.

Tẹ́ ẹ bá lè dé Field ní British Columbia, ẹ dúró wo Spiral Tunnels, ìyẹn ihò ojú irin tó yí po nínú òkè, tí wọ́n ṣí ní 1909, ẹ máa rí orí ọkọ̀ tó ti ń jáde nínú ihò nígbà tí ìdí ẹ̀ ò tíì wọlé tán, ó rẹwà gan-an!