Kéèkì ọlọ́sàn nílé yèyé

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Dublin là ń gbé. Ní Kérésì tó kọjá, a lọ kí yèyé mi ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún 8, fẹ́ ṣe irú kéèkì ọlọ́sàn tá a máa ń ṣe níbí fún màmá àgbà. Odidi ọsàn márùn-ún ni mo fún omi rẹ̀ sí i, síbẹ̀ kò ta òórùn ọsàn kankan. Ó ki bíi mọ́ínmọ́ín, ìdí rẹ̀ sì jóná mọ́ ìkòkò. A tún ń lọ lọ́dún yìí. Ibo ni mo ti ṣì í?
Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó ẹyin. Èmi náà ti jẹ irú kéèkì yẹn rí nílé wa ní Ìjerò, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi sè é.

Ta ló bó ọsàn yẹn? Bó bá jẹ́ ìyá ọlọ́sàn ẹ̀bá ọ̀nà ni, á ti fi abẹ yí i po, èèpo á ti rọ́ jọ sílẹ̀ bí okùn, funfun nìkan ló máa kù lára ọsàn. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń wá ti bá èèpo lọ nìyẹn. Inú èèpo ni òróró tó ń ta sánsán wà. Omi inú ọsàn kò ju adùn àti kíkan lọ. Ẹ sọ fún un pé kó má bó tiyín. Á wò yín bí ẹni tí òyìnbó ti kó sí lórí, ẹ jẹ́ kó máa wò. Ẹ má sì rò pé kò pọ́n torí ara rẹ̀ tutù o. Òtútù òru ló ń mú kí ara ọsàn ilẹ̀ Sípéènì pupa, Èkìtì ò sì ní irú òtútù yẹn.

Ẹ fọ ọsàn méjì, kẹ́ ẹ fi irin tí yèyé fi ń rin ilá rin ara wọn fẹ́ẹ́rẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti rí funfun, ẹ dúró, ó korò. Ẹ dà á sórí ṣúgà, kí àwọn ìbejì fi ìka rún un pọ̀ títí ṣúgà á fi rin bíi yanrìn etí odò. Ibí yìí ni àwọn tèmi ti máa ń jà, ẹnì kan kì í fẹ́ yọ ọwọ́ fún ẹnì kejì.

Omi ọsàn tó pọ̀ jù ló mú un ki. Ṣíbí ìjẹun 3 ti tó fún ẹyin 4, pẹ̀lú bọ́tà, ṣúgà àti fúláwà, gíráàmù 200 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí fúláwà tẹ́ ẹ̀ ń lò ní Dublin bá jẹ́ èyí tó ń wú fúnra rẹ̀, ti ilé kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bu ṣíbí kékeré 2 baking powder sí i.

Ìkòkò tó nípọn ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ da yanrìn gbígbẹ sí i ní ìwọ̀n ìka méjì, kó gbóná lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ wá gbé agolo kéèkì ka orí àwo irin tẹ́ ẹ dojú rẹ̀ dé, kó má fara kan yanrìn. Ẹ má ṣí i kó tó pé ìṣẹ́jú 45. Yèyé á fẹ́ ṣí i wò bí ẹni ń wo iṣu lórí iná. Ìtàn ni mo ní kí màmá tèmi máa pa fáwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ tó mọ́ gún àárín rẹ̀. Bó bá jáde ní gbígbẹ, ó ti jinná.

Omi ọsàn tó ṣẹ́ kù ńkọ́? Ẹ fún yèyé mu. Òun kúkú kọ́ ló fẹ́ jẹ kéèkì, iyán ló ń dúró dè.
Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, Manchester