Prẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì Model A mi ń já wálẹ̀ tó bá ti gbóná

Ìbéèrè: Mo ra ẹ́ńjìnnì tuntun tí wọ́n ṣe ní àwòkọ ti mọ́tò Ford Model A ọdún 1930. Bẹ́ríìnì márùn-ún ló di kránkì rẹ̀ (ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì) mú, pọ́ǹpù sì ń ti ọ́ìlì dé gbogbo wọn. Bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì rẹ̀, géèjì á ka 50 psi (psi ni ìwọ̀n prẹ́ṣọ̀, ìyẹn agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti ọ́ìlì). Bó bá ti gbóná tó sì ń ṣiṣẹ́ lójú kan, á já sí 14. Ṣé ó ti ń bàjẹ́ ni? Báwo ni kí n ṣe dán an wò kí n tó gbé e rin ọ̀nà jíjìn? (Òǹkàwé kan, Houston)

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ẹ́ńjìnnì tuntun. 14 yẹn kò bà mí lẹ́rù rárá. Ọ́ìlì tútù máa ń ki, kì í tètè gba àárín bẹ́ríìnì àti kránkì kọjá, ìdí nìyẹn tí prẹ́ṣọ̀ fi ń ga láàárọ̀. Bó bá gbóná, á ṣàn, á sì yára sá lọ. Ohun tí àwa mẹkáníìkì fi ń wọ̀n ọ́n ni 10 psi fún ìyípo 1,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ́ńjìnnì yín bá ń yí bíi 600 lójú kan, 14 ti ju ohun tó nílò lọ. Ẹ tẹ iná títí ìyípo á fi dé 2,000 nígbà tó gbóná dáadáa. Bí ẹ bá rí 20 sókè, ọkàn yín balẹ̀.

Ẹ má fi wé ojúlówó ti 1928 sí 1931. Ìyẹn kò tiẹ̀ ní géèjì ọ́ìlì ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Pọ́ǹpù ń gbé ọ́ìlì lọ sókè sí yàrá fáàfù, ó sì ń ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀ sórí bẹ́ríìnì mẹ́ta. Ṣíbí kékeré ìdí kọ́nrọ́ọ̀dù (irin tó so písítìnnì mọ́ kránkì) ló ń bu ọ́ìlì tirẹ̀ nínú àwo. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n prẹ́ṣọ̀ ni tiyín gbójú lé, bí géèjì bá fi lè já sí òdo, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí èmi ń bẹ̀rù ni kí nọ́ńbà máa dín kù láti wákàtí dé wákàtí, nígbà tí ooru àti ìyípo kò yí padà. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ fi géèjì tí kì í lo iná wò ó, ẹ wọn ooru ọ́ìlì, kí ẹ sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ kó máa kùn nínú gáréèjì. Ríǹgì ara písítìnnì kò ní jókòó dáadáa mọ́ ara sílíńdà. Ẹ gbé e sọ́nà, ẹ máa yí eré padà, ẹ jẹ́ kó gun òkè. Ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ yí ọ́ìlì padà, kí ẹ sì gé fílítà ṣí. Ẹ tú bébà inú rẹ̀, ẹ fún un gbẹ, ẹ gbé e sínú oòrùn. Irin wẹ́wẹ́ díẹ̀ tí mágínẹ́ẹ̀tì gbé kò burú nínú ẹ́ńjìnnì tuntun. Èyí tó ń dán tí mágínẹ́ẹ̀tì kò gbé lè jẹ́ ara bẹ́ríìnì. Bó bá pọ́n bíi bàbà, ojú bẹ́ríìnì ti jẹ tán: ẹ má wa mọ́tò náà mọ́, ẹ tú páànù ọ́ìlì. Ṣùgbọ́n bí fílítà bá mọ́ tí prẹ́ṣọ̀ sì ń dín kù, ẹ yẹ fáàfù tó ń dín prẹ́ṣọ̀ kù wò ná. Ìdọ̀tí kékeré tó há sí i lẹ́nu lè máà jẹ́ kó padé.